Okùn Olórí Méjì Inú Ilé Apínrọ̀

Ojú mi àti ojú rẹ̀ pàdé ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń sá. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ti ara wọn lulẹ̀ ní gbàgede ààfin, bàtà ń fò, gèlè ń já, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan dúró gbagidi ní àárín wọn bí òpó ilé tí iná kò jó. Èmi náà dúró. N kò mọ̀ ọ́n rí, òun náà kò mọ̀ mí rí. Ó wò mí, mo wò ó, ariwo gbogbo yẹn sì lọ sílẹ̀ létí mi bí ìgbà tí ènìyàn bá ri orí bọ omi. Ẹyinjú rẹ̀ ń dán bí ìrì orí ewé kókò. Ó la ẹnu láti bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ohùn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ ọ́ láàárín ara yín pé Ọdẹ́jìmí arúgbó kò bẹ̀rù nǹkan kan rí. Òótọ́ ni pé mo ti dojú kọ ẹfọ̀n nígbà tí ẹtù ìbọn mi tutù. Òótọ́ ni pé mo ti bá iwin orí ìrókò pín iyọ̀ lá. N kì í sì í purọ́, àfi ìgbà tí òtítọ́ bá kúrú jù. Ṣùgbọ́n ìtàn òní, ìtàn ẹ̀rù ni. Ìwọ Jálààdé tí ò ń jẹ ẹ̀pà, tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí tí a bá dé iwájú, eyín rẹ yóò máa gbá ara wọn ni.

Ẹtu kan ni mo ń lé nígbà náà, èwe ṣì wà lára mi, ó mú mi wọ igbó tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, ìgbà tí màá sì fi gbé ojú sókè, ìlú Agbóhùndé ni mo wà. Ní ìlú yìí, ilé kò sún mọ́ ilé. Orí òkè kan ni ìdílé kan ń gbé, orí òkè mìíràn ni èkejì wà, ọ̀gbun tí kò nísàlẹ̀ sì wà láàárín wọn, afárá okùn tóóró nìkan ló so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, inú wáyà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdílé méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n. Wáyà kọ̀ọ̀kan jáde lára ilé kọ̀ọ̀kan, ó gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú igbó, gbogbo wọn sì lọ pàdé nínú ilé kan ṣoṣo tí à ń pè ní Ilé Apínrọ̀. Àpótí irin kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ wáyà ń pè ní súwíìṣì. Ẹ má rò pé èyí tí a fi ń tan iná ara ògiri ni mo ń wí o. Iṣẹ́ ti àpótí yìí ni kí ó gba ọ̀rọ̀ wọlé láti ihò kan, kí ó wo ẹni tí a rán an sí, kí ó sì tì í jáde ní ihò onítọ̀hún.

Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Òun ni akéde ìlú. Ó dúró ti òpó wáyà gbàgede lọ́jọ́ yẹn, ó ń kéde fún gbogbo òkè, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ọjọ́ ìjẹṣu ku..." Ibẹ̀ ni ìwo ńlá tí ó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde ti ké bí ewúrẹ́ tí a tẹ̀ lọ́rùn. Ó dákẹ́. Èéfín jáde lẹ́nu ìwo náà, ni gbogbo gbàgede bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Àpótí inú igbó ti kú, ohùn Ìbídùn sì há sínú rẹ̀ bí eku tí pàkúté ré mọ́.

Ọba fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí, nítorí ó rí ìbọn léjìká mi.

"Àlejò," ló wí, "ohùn tí ó bá há sí Ilé Apínrọ̀, tí oòrùn bá fi lè wọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta, òkú ohùn ni. Títí ayé ni ọmọ yìí yóò máa la ẹnu bí ẹja. Oníṣẹ́ wa tó mọ ibẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Àpótí tuntun wà ní ilé ìṣúra mi, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin tí yóò rù ú wọ igbó yẹn."

"Kábíyèsí," ni mo dáhùn, "ẹni tó ru ẹfọ̀n, ṣé àpótí ni yóò fi ọrùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ṣé o mọ iṣẹ́ wáyà?"

"Mo ti tún rédíò ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí."

Ọba mí kanlẹ̀. Ó gbé àpótí náà fún mi, ó fi nọ́ọ̀tì irin mẹ́rin tí a ó fi dè é, sípánà kan, téèpù funfun tó ń lẹ̀ àti bíírò lé e. "Ohun tí oníṣẹ́ wa máa ń sọ rèé: orí méjèèjì okùn kọ̀ọ̀kan ni kí o fi àmì sí. Ṣé o gbọ́? Orí méjèèjì."

Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni. Ìbídùn ló ń so ìró mọ́ ìdí gírígírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá mi lọ, ọkàn mi sì ti fò kúrò ní ààfin. Wọ́n ní kí ó dúró. Ó tọ́ka sí ọ̀fun ara rẹ̀, ó tọ́ka sí igbó, ó sì gba iwájú.

Ọjọ́ kejì ni a wọ Igbó Afimúgbọ́rọ̀. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ẹyẹ kan kò dún, ewé kan kò mì. Mo ti ń la ẹnu láti ki oríkì ara mi, kí igbó lè mọ ẹni tó wọlé, ni mo gbọ́ tí ẹnu bí ogójì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dá kan ń bọ̀. Ẹnu wà ní orúnkún rẹ̀, ẹnu wà ní ìgúnpá rẹ̀, ẹnu wà yí ikùn rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo wọn ń ké pé, "Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀?" Kò ní etí. Imú ni ó fi ń gbọ́ òórùn ọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì sọ ọ̀kan, ahọ́n onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ èyí fún Ìbídùn? N kò mọ̀. Kí n tó sọ "Èmi," ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Ẹ̀dá náà dúró tì wá. Ó fi imú fa òórùn ọrùn mi. Ó fa ti etí mi. Ahọ́n kan jáde láti ìgúnpá rẹ̀, ó tutù bí ìgbín, ó lá òógùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àtẹ́lẹwọ́ Ìbídùn kò kúrò lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi ń gba ìfọwọ́kàn obìnrin. Èmi, ìpalọ́lọ́ ni mo fi gbà á, inú ẹ̀rù ni mo sì wà nígbà tí mo mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ọwọ́ yẹn kúrò lẹ́nu mi mọ́.

Ó pẹ́ kí ẹ̀dá náà tó bínú yí padà, tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Igi ni. Igi tó ń làágùn ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni a dé Ilé Apínrọ̀. Òtútù inú rẹ̀ kì í ṣe òtútù ọyẹ́. Òtútù ilé tí ènìyàn kò gbé rí ni. Ohun kan ń kùn láìsinmi nínú ògiri, bí agbọ́n tí a kò rí. Ní àárín ilé, òpó irin mẹ́rin dúró láti ilẹ̀ dé àjà, ihò wà lára wọn léraléra. Èyí ni ràákì tí à ń gbé àpótí kọ́. Àpótí òkú náà wà níbẹ̀, ó ti dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni arúgbó obìnrin kan jókòó sí tí kò ní òjìji. Irun rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, wáyà funfun ni gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ń ṣẹ́jú, èkejì kú.

"Ta ni?" ló wí, èémí rẹ̀ sì di yìnyín nínú afẹ́fẹ́.

"Ọdẹ ni mí, màmá."

"Ẹran kò sí níbí. Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mi, dá mi lóhùn. Kí ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, tí kò sì mọ ọ̀kan nínú rẹ̀?"

"Ògiri," ni mo wí kíá. "Ògiri létí."

"Ògiri kì í rìn. Èyí tí mo wí ń rìn." Ojú tó ń ṣẹ́jú náà bẹ̀rẹ̀ sí í di pupa. Ẹsẹ̀ mi ti ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí mo dúró. Mo wo ìsàlẹ̀, irin ń hù bò mí ní kókósẹ̀. Mo ní ikú dé. Ìbídùn fà mí lápá. Ó ṣe bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ó di ojú ara rẹ̀, ó rìn síwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì gbé e fún arúgbó náà láìwò ó.

"Oníṣẹ́!" ni mo kígbe. "Oníṣẹ́ olóòótọ́ ni! Ó ń jẹ́ iṣẹ́, kì í tú u wò!"

Irin náà já kúrò lẹ́sẹ̀ mi. "Aya rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ," ni arúgbó wí.

"Kì í ṣe aya mi, màmá."

"N kò bi ọ́."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Okùn wáyà kúkurú méjìdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí méjì: orí kan ń wọ ihò ara ògiri, níbi tí wáyà ìlú ti jáde, orí kejì ń wọ ihò ara àpótí. Wọ́n ti lọ́ mọ́ra bí irun wèrè. Mo ní kí n tú gbogbo wọn, kí n yà wọ́n bí ìyàwó tuntun ṣe ń ya irun. Mo fi téèpù sí wọn, mo kọ iye sí i, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí mo ti kù gììrì wọ kòtò. Ọdẹ tó ń wọ igbó, ọ̀nà àlọ nìkan ló ń ṣẹ́ ewé sí. Kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ ewé ní àbọ̀, nítorí ibi tó gbà lọ ni yóò gbà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ṣe. Orí kan ṣoṣo ni mo fi àmì sí lára okùn kọ̀ọ̀kan.

Mo tú àpótí òkú kúrò. Mo gbé tuntun sókè, Ìbídùn gbé e ró pẹ̀lú èjìká rẹ̀, mo fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́ òpó, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Mo ń ki àwọn orí alámì bọ ihò wọn. Ìgbà tí mo dé ihò kọkànlélọ́gbọ̀n, n kò rí orí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtútù ti jẹ́ kí téèpù rẹ̀ ṣí kúrò. Kí ni mo ṣe? Mo mú orí kan tí kò ní àmì nínú èyí tó so rọ̀ nítòsí, mo ní òun náà ni, mo kì í bọ̀ ọ́. Mo ki ìyókù bọ ara ògiri. Kò ṣẹ́kù ọ̀kan. Inú mi dùn.

Iná àwọ̀ ewé tàn lójú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ojú ẹran nínú igbó. Arúgbó na ẹnu ìwo kékeré kan sí mi. "Sọ̀rọ̀ kan sí gbogbo ìlú, kí a gbọ́ bóyá yóò dé ibi gbogbo."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló wà níwájú mi láti mú. Èwo ni mo mú?

"Èmi Ọdẹ́jìmí!" ni mo wí. "Ikú ẹtu, àrùn ẹfọ̀n!"

Ó lọ. Ó sì padà dé. "Èmi Ọdẹ́jìmí, ikú ẹtu, àrùn ẹfọ̀n." Mo rẹ́rìn-ín. Ó tún dé, ó di méjì. Ó tún dé, ó di mẹ́rin. Àwọn iná náà kò ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Gbogbo wọn ń tàn, wọ́n ń kú, lẹ́ẹ̀kan náà, bí àyà tó ń já. Okùn kan ti gbé orí rẹ̀ méjèèjì sínú àpótí kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀ tó bá gba orí kan jáde, orí kejì ni yóò gbà wọlé, àpótí yóò rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, yóò tún un pín fún gbogbo ìlú. "Ẹfọ̀n! Ẹfọ̀n! Ikú! Ikú! Èmi! Èmi! Èmi!" Ilé ń mì. Nọ́ọ̀tì kan fò jáde lára òpó. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nínú afẹ́fẹ́, ó ru ìbọn bíi tèmi, ó wọ gbérí ọdẹ bíi tèmi, kò lójú, ẹnu nìkan ló ní, ó sì ń ga sí i bí ó ti ń pe orúkọ mi. Mo ti bẹ̀rù ẹranko rí. N kò bẹ̀rù ara mi rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn.

Lábẹ́ ariwo náà ni mo ti gbọ́ ohùn kan, tín-ín-rín, bí ọmọ tí a fi aṣọ bò mọ́lẹ̀: "...ku... ku... ku..." Ìbídùn gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni. Ìhàlẹ̀ mi ló ń tẹ̀ ẹ́ pa.

"Màmá, ẹ pa iná rẹ̀!"

"Tí mo bá pa á, ohùn ọmọ yìí kú mọ́ ọn nínú. Wá okùn náà. Oòrùn ti tẹ̀ sí apá ìwọ̀."

Báwo ni màá ṣe mọ ọ̀kan nínú méjìdínláàádọ́ta, tí gbogbo wọn funfun, tí òtútù ti ṣí téèpù wọn dànù, tí mo ti dì wọ́n pọ̀ bí ìtí igi? Ẹ̀kọ́ bàbá mi kò bá mi débẹ̀. Ìbídùn ló yí lọ sẹ́yìn ràákì. Ó di gbogbo okùn mú ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì wò mí láàárín àwọn irin náà. Ó fa ọ̀kan díẹ̀. Ó mì lọ́wọ́ mi. Ó yé mi.

Mo fa okùn kìíní. Ó fà á padà lẹ́ẹ̀mejì: mo rí i, ọ̀dọ̀ mi ni orí rẹ̀ wà. Mo fa èkejì. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀dá aláìlójú náà ti gbé ọwọ́ lé mi ní àtàrí, ó ń ké orúkọ mi sínú agbárí mi, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, síbẹ̀ ìfàpadà méjì yẹn ń dé, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé obìnrin náà ń sọ pé, "Mo wà níbí. Mo wà níbí." Ẹ̀kẹta. Ẹ̀karùn-ún. Ìkẹsàn-án. Mo fa ìkejìlá.

Kò dáhùn.

Mo tún fà á. Ìbídùn mi orí lẹ́yìn irin. Òfo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi, tí mo fi gbá àpótí mú kí ó má bàa wó, nǹkan kan mì lábẹ́ rẹ̀. Ihò kọkànlélọ́gbọ̀n! Ọwọ́ mi méjèèjì ló wà lórí okùn kan náà, ọ̀kan ní orí kìíní, ọ̀kan ní orí kejì.

Mo fà á yọ.

Ariwo náà dá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ti bí kì í wọ inú ilẹ̀. Ẹnu tí ó ti jáde ni ó ń wá padà sí. Ẹ̀dá náà yí ẹnu sí mi, ó sì wọ ọ̀fun mi tìbọntìbọn. Ó ya á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ṣubú.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn èyí ni ohùn obìnrin kan, tí ó mọ́ bí omi inú àmù tuntun. "...ku ọjọ́ mẹ́jọ," ni ó wí. "Ẹ̀yin ará ilé, ọjọ́ ìjẹṣu ku ọjọ́ mẹ́jọ." Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ẹnu yà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ dìde! Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ dá mi lóhùn!"

Mo la ẹnu. Kò sí ohùn níbẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ohùn hẹ́ẹ̀hẹ̀ẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi yìí, àjókù rẹ̀ ni. A fi àmì sí orí méjèèjì kí a tó kúrò níbẹ̀, òun ń kọ, èmi ń lẹ̀ ẹ́. Ìlú gbé wa gẹ̀gẹ̀. Gbogbo òkè méjìdínláàádọ́ta ti gbọ́ ìhàlẹ̀ mi ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, àwọn ọmọdé sì ń kígbe rẹ̀ bí mo bá ń kọjá. Ohun tí kò sí ẹni tó gbọ́ ni èyí tó wà nínú mi. Ìbídùn ń wá kí mi ní ilé àlejò lójoojúmọ́, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun?" Màá mi orí. "Ọ̀fun ń dùn yín?" Màá mi orí. Yóò wá jókòó, yóò máa wo ẹnu mi, èmi yóò sì máa wo ilẹ̀ bí olè.

Mo kọ ìwé sí i. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fojú tín-ín-rín mi. Mo kọ àkọ́kọ́: ìwọ òdòdó àárọ̀, ìwọ ìmọ́lẹ̀ ẹyinjú mi. Mo ya á. Ìhàlẹ̀ ni òun náà. Mo kọ mẹ́rin mìíràn, mo ya wọ́n. Èyí tí mo wá fi sínú àpò ọdẹ, ìlà kan péré ni: *Ìbídùn, ẹ̀rù ń bà mí láti lọ.*

Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi wà nínú àpò. Bí ó bá wọlé, ọwọ́ mi yóò wọ àpò, ọwọ́ mi yóò jáde lófìfo. Mo ti wo ẹ̀dá ẹlẹ́nu ogójì, n kò lè wo ẹnu kan.

Ọjọ́ keje, ó sìn mí sọ́nà. Ní ìlú wọn, ẹni tó ń sin àlejò kì í kọjá odò tó wà lẹ́yìn òkè ìkẹyìn. A dé odò. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á fún yín lóhùn yín padà." Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí. Ọwọ́ mi wà nínú àpò. Kò jáde. Ó fi orí balẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ.

N kò lè pè é. Ẹ ronú sí i: mo la ẹnu, mo fi gbogbo agbára mi pe orúkọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ó ń gòkè. Aṣọ rẹ̀ ń kéré sí i láàárín koríko. Jìnnìjìnnì tí kò bá mi níwájú iwin ló mú mi lójú ọ̀sán yẹn, ó gbọ̀n mí bí aṣọ orí okùn. Mo ju ìbọn sílẹ̀. Mo sáré. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì dúró sí iwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i. Ó gbà á, ó kà á, ó sì fa ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.